Bí Ọmọ́yẹni Ṣe Kọ Mẹ́tàdínlógójì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má wulẹ̀ pa tẹlifíṣàn yẹn, ẹ ṣáà bá mi dín ohùn rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọ̀sán àná, n kò sì fẹ́ kó tún di ọjọ́ mìíràn kí n tó sọ ọ́.

Lánàá, nígbà tí Títí ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ka iye lédè Òyìnbó láti orí ọ̀kan dé orí ọgọ́rùn-ún, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn. Mo ní kó tún un kà fún mi ní Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ dáadáa, ó dé mẹ́rìnlá, ó bá dúró. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló tún kàn?" Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ìyẹn. Mo ní ogún ni, márùn-ún ló dín níbẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ pé mẹ́wàá àti márùn-ún?" Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé, tí mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ kan ni mo rántí. Bí ó bá wà láyé títí di òní, òun náà yóò ti di ìyá àgbà.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kò lè ka iye. Mi ò sọ pé kò sí ẹni tí kò mọ̀wé o. Àwọn tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé ẹnikẹ́ni kọjá ní àkókò tí wọ́n ń to iṣu sínú abà, ẹ óò gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á, bí ẹni ń kọrin. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọn omi ń ka ìṣísẹ̀ wọn kí ọ̀nà má baà jìn. Àwọn ọmọdé tó ń ta òkòtó ń kà á. Gbogbo Adó ló ń ka nǹkan sókè nígbà náà. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ló ń bá wa kà á, kì í sì í pariwo.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n gbà mí ní tíṣà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni, n kò tíì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ rárá. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọmọ ya wọlé bí omi òjò, kò sì sí olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ka Bíbélì, tó sì lè kọ lẹ́tà, wọ́n ń wá a kiri. Bí èmi náà ṣe di Mísì nìyẹn. Kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi, ọmọ méjìdínláàádọ́rin nínú yàrá kan ṣoṣo, ilé alámọ̀ tó ní páànù lórí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a óò dákẹ́ ni, torí páànù yẹn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Rííìmù ọkọ̀ àtijọ́ kan tí a so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọbìnrin máa ń pọn omi, àwọn ọmọkùnrin máa ń wa ilẹ̀ pupa, a óò fi ra ilẹ̀ kíláàsì kó lè dán. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ilẹ̀ tútù, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n pe orúkọ àwọn ọmọ láti inú rẹ́jísítà.

Síléètì ni àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé. Ẹ̀yin ò mọ síléètì. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ni, wọ́n fi pákó ká a létí, nǹkan ìkọ̀wé rẹ̀ náà sì jẹ́ òkúta tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọmọ méjìdínláàádọ́rin bá ń fi í kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, eyín á máa kan ènìyàn. Itọ́ ni wọ́n fi ń nù ún. N kò ní parọ́ fún yín, yàrá yẹn kì í rùn dáadáa.

Ohun tó le jù láti kọ́ wọn ni ipò nọ́ńbà. Kí ọmọ kéékèèké mọ̀ pé méjì yìí, tó bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, méjì péré ni. Tó bá sún sí ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan, ó di ogún. Tó bá tún sún, ó di igba, bẹ́ẹ̀ méjì kan náà ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbà. Ojú wọn máa ń sọ pé, "Mísì, ẹ fẹ́ tàn wá jẹ ni."

Mo lọ gé ìgbálẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ sí kéékèèké, mo ní kí olúkúlùkù ọmọ mú tirẹ̀ wá. Bí ó bá pé mẹ́wàá, a óò fi ìko dì í ní ìdì kan. Bí ìdì náà bá pé mẹ́wàá, a óò kó gbogbo rẹ̀ papọ̀, a óò fi okùn gidi dì í, ìyẹn di ọgọ́rùn-ún. A kó wọn sínú agbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kan ni ewúrẹ́ ẹnìkan wọlé nígbà tí a wà ní pápá, ó jẹ gbogbo ìko náà, ó sì tú ìgbálẹ̀ ká gbogbo ilẹ̀. A padà dé, ọmọ kan kígbe pé, "Mísì, ewúrẹ́ ti sọ gbogbo ọgọ́rùn-ún wa di ẹyọ!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà ti lóye. Ewúrẹ́ ló bá mi kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni mo fi igi fa ilà sílẹ̀ ní ìta, lábẹ́ máńgòrò: ilé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé ẹyọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé ẹ̀wá tẹ̀ lé e, ilé ọgọ́rùn-ún wà lọ́wọ́ òsì pátápátá. Mo máa ń pe iye kan, àwọn ọmọ á sì sáré wọ inú ilé. Bí n bá pe igba ó lé márùn-ún, ọmọ méjì á wọ ilé ọgọ́rùn-ún, márùn-ún á wọ ilé ẹyọ, ilé àárín á sì ṣófo. Mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Wọ́n á kígbe pé, "Òdo!" Mo máa ń ní, "Ṣé a lè wó ilé rẹ̀ torí kò sí nílé?" Wọ́n á ní, "Rárá, Mísì!" Àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọjà Ọba máa ń dúró wò wá. Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ọmọ́yẹni wà nínú àwọn ọmọ náà. Ọmọ Ìjàn ni, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Adó. Ó dàgbà ju àwọn yòókù lọ, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ga, ó sì tínrín. Kì í pariwo. Bí mo bá ní kí wọ́n mú igi wá, á ní, "Mísì, ugi mi rèé," bí a ṣe ń pè é nílé, àwọn ọmọ tó ti ń gbọ́ Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì á máa fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń ní, "Igi, Ọmọ́yẹni. Igi ni wọ́n ń pè é nínú ìwé." Á ní, "Ó dáa, Mísì. Igi." Ní ọjọ́ kejì, á tún pè é ní ugi.

Obì ni ìyá àgbà rẹ̀ ń tà ní Ọjà Ọba. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí, tí mo ń wo bí ó ṣe ń kà á. Márùn-ún márùn-ún ló ń ṣà á sínú agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Ọmọ́yẹni a máa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kà á pẹ̀lú rẹ̀ láìwo ilẹ̀. Bí wọ́n bá kà á tán, ìyá náà á béèrè pé, "Ó ku mélòó?" Ọmọ náà á ní, "Ó ku mẹ́ta kó pé igba." Wọ́n á tú u, wọ́n á tún un kà lójú oníbàárà, mẹ́ta náà ni yóò kù. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo rí i, n kò sì mọ ohun tí mo rí.

Ohun kan tí mo mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ kò fi tinútinú gbà kó wá sílé ìwé. Àgbẹ̀ ni, ó ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé, ìyàwó rẹ̀ sì nílò ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ìyá àgbà ló bẹ̀ ẹ́. Ó wá gbà, ó ní kí ọmọ náà gbìyànjú wò. Bí ó bá ń yege, kó máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ní ọdún tí kò bá yege, kó padà sí Ìjàn. Ìyá àgbà náà ló sọ fún mi, ó ní kí n fojú sí ọmọ náà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye fún wọn láti kọ sórí síléètì, nǹkan Ọmọ́yẹni dàrú. Ní Yorùbá ni a ń pè é nígbà náà, kì í ṣe lédè Òyìnbó. Mo máa ń ní, "Ẹ kọ mẹ́tàdínlógún." Àwọn yòókù á wo pátákó tó wà lára ògiri, níbi tí mo kọ iye sí láti ọ̀kan dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á wá 1 àti 7, wọ́n á kọ ọ́. Ọmọ́yẹni kì í wo ògiri. Á ronú, ètè rẹ̀ á máa mì, á wá kọ 320. Mo fa ilà sí i. Mo pe mẹ́tàlélógún, ó kọ 203. Mo fa ilà sí ìyẹn náà. Mo ní, "Ṣé o ò rí ògiri ni?" Ó ní òun rí i. Mo ní, "Kí ló dé tí o ò wò ó?" Ó ní, "Mísì, ẹ̀yin lẹ ní ká ronú." Mo rò pé ó ń gbó mi lẹ́nu.

Lẹ́yìn ọdún iṣu tuntun, nígbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí kíláàsì, tí iyán ṣì ń sùn lójú wọn, ni Ọ̀gá ilé ìwé sọ fún wa pé alábẹ̀wò ń bọ̀. Gbogbo wa jí. A gé koríko, a ra ilẹ̀ kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ aṣọ mi tó dára jù, mo sì fi irin eléèédú lọ̀ ọ́. Torí pé n kò tíì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò bá kọ nípa mi ni yóò sọ bóyá wọn yóò rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àbí wọn yóò lé mi.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ó gbọ́ orin wa, ó wo ìwé iṣẹ́ mi, ó mi orí. Ó wá nàka sí ẹ̀yìn kíláàsì, sí ọmọ tó ga jù. Ó ní, "Ìwọ, dìde, wá síwájú. Kọ mẹ́tàdínlógójì fún mi."

Ọmọ́yẹni mú ẹfun, ó kọ 340.

Alábẹ̀wò ní, "Ó dáa. Kọ mẹ́tàlélógójì." Ó kọ 403.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún rèé! Mẹ́tàlénírinwó rèé!" Ó yíjú sí mi. "Mísì, ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nìyí?" Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín torí pé àgbà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé wo ilẹ̀. Alábẹ̀wò fa kálàmù yọ, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù ló bà mí. N kò wí àwíjàre, mo kàn ń sọ bí ó ṣe rí. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, mo fa Ọmọ́yẹni lọ́wọ́ jáde lọ sábẹ́ máńgòrò. Gbogbo kíláàsì tẹ̀ lé wa. Mo mú un lọ sínú ilé àárín, ilé tó máa ń ṣófo.

Ó ní, "Mísì, àwọn mẹ́ta yẹn ò tíì dé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi…"

Mo ní, "Pa ẹnu rẹ dé! Ta ni ò tíì dé? Dúró síbẹ̀. Òdo ni ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ta ló wà níbẹ̀?"

Wọ́n kígbe pé, "Òdo!"

Ó dúró síbẹ̀ títí agogo fi lù. Kò sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún pè é ní Ọmọ́yẹni mọ́ nílé ìwé. Òdo ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ ọ. N kò bá wọn wí.

Ìdánwò ìparí ọdún dé. Ogún iye ni mo pè fún wọn láti kọ sórí bébà, mo sì fi ẹnu pe ìṣirò ìropọ̀ mẹ́wàá fún wọn. Ní ti Ọmọ́yẹni, gbogbo iye ló kọ lódì. Nínú ìropọ̀, ó gba mẹ́rin, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti ọgọ́ta gééré. Mo wò ó, mo ní ẹni tí kò lè kọ mẹ́tàdínlógún kò lè ro ó pọ̀ mọ́ mẹ́ta. Mo ní ó jí i wò lára ẹlòmíràn. Mo fagi lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.

Bàbá rẹ̀ wá ní ọjọ́ tí a ń pín káàdì. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi tí n kò tó àbúrò rẹ̀. Ìyá àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá ní, "Mísì, ẹ má fi bò fún wa. Ṣé yóò mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Bàbá, kò lè mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ kò gba ìṣirò."

Ìyá àgbà ní, "Mísì, ọmọ yìí ló ń bá mi ka obì. Kò ṣì í rí."

Mo ní, "Màmá, obì yàtọ̀, ìwé yàtọ̀."

Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́, ẹ gbọ́. Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀, ó ní, "Mísì, ó dàbọ̀," ó sì kó síléètì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n fún ẹni tí kò bá ní. Wọ́n lọ wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ìjàn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ku ọjọ́ méjì kí a ṣe Kérésìmesì, màmá mi ń dín àkàrà lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní kí n wá bébà tí òun yóò fi pọ́n ọn fún àwọn aládùúgbò. Mo kó bébà ìdánwò jáde, mo ń fà á ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ọmọ́yẹni bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi dá màmá mi lára yá. Ẹ rántí pé màmá mi kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b".

Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ti ọmọ kan. Mo ní kó kọ méjìdínláàádọ́ta, ó kọ méjì, ó wá kọ àádọ́ta tẹ̀ lé e."

Màmá mi yí àkàrà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe àádọ́ta ni, tí méjì dín níbẹ̀? Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Màmá, bí mo bá sì ní kó kọ méjìléláàádọ́ta, àádọ́ta ni yóò kọ́kọ́ kọ, kó tó kọ méjì."

Ó ní, "Ìyẹn lé, wọ́n tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ dín, wọ́n ṣì wà níwájú, a ń retí wọn. Ọmọ ta ni? Ọmọ náà gbọ́n o."

Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ́ bébà náà sórí itan mi, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. 160: ọgọ́ta, ọ̀kan dín. 601: ọgọ́ta, ọ̀kan lé. 340: ogójì, mẹ́ta dín. Ogún iye, kò ṣì kan ṣoṣo. Kò sì jí ìropọ̀ kankan wò. Àwọn mẹ́rin tó gbà nìyẹn, ibi tí iye bá ti pé gééré, tí kò dín, tí kò sì lé, bí ó ṣe ń kọ ọ́ kò yàtọ̀ sí tiwa. Mẹ́fà yòókù tí mo fagi lé, òun náà gba gbogbo rẹ̀, ó kàn kọ ìdáhùn bí ó ṣe ń kọ ọ́ ni. Ọmọ náà ò mọ̀ pé ẹnìkan ti pinnu bí gbogbo ayé yóò ṣe máa kọ ọ́. Ó gbọ́ ohun tí èdè wa sọ, ó sì kọ ohun tó gbọ́. Nínú gbogbo àwọn ọmọ méjìdínláàádọ́rin náà, bóyá òun nìkan ló ronú rárá.

Mo sunkún sínú èéfín àkàrà. Màmá mi rò pé èéfín ni.

Mo lọ bá Ọ̀gá nílé rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, mo fi bébà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mísì, mo rí ohun tí o rí. Ṣùgbọ́n alábẹ̀wò ti kọ ìròyìn rẹ̀, rẹ́jísítà sì ti lọ sí ọ́fíìsì. Tí a bá ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n á bi wá pé kí ni a ń ṣe látọjọ́ yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà ọ́, ṣé o mọ̀? Alábẹ̀wò ní ọmọdé ni ọ́, kí wọ́n lọ kọ́ ọ níṣẹ́. Má ba ti ara rẹ jẹ́." Bí mo ṣe gbọ́ pé mo rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀ nìyẹn. N kò mọ bí mo ṣe rìn délé.

Ní ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, mo wọ lọ́rì lọ sí Ìjàn. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pọ́n orí mi. Wọ́n júwe oko bàbá rẹ̀ fún mi, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọmọ́yẹni ni mo kọ́kọ́ rí. Ó pọn àbúrò rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mísì! Ẹ wá kí wa!"

Kí n tó lanu, ó ti mú igi kan, ó tẹ́ ọwọ́ sí ilẹ̀, ó ní, "Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó." Ó kọ 37 sínú yanrìn. Ó kọ 43. Ó kọ 17, ó kọ 48. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Mo to ẹ̀gẹ́ ní ìdì mẹ́wàá mẹ́wàá, mo wá rí i pé a ò gbọdọ̀ ka àwọn tí kò tíì dé, àwọn tó wà nílé nìkan ni a ń kọ. Ó pẹ́ kó tó yé mi, torí orí mi kò gbọ́n. Ṣé mo lè padà wá?"

Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Ọmọ́yẹni, ìwọ lo gbà á. Èmi ni n kò gbà á. Orí rẹ gbọ́n ju tèmi lọ." Ó wò mí bí ẹni tí àgbà ń fi ọ̀rọ̀ tù nínú. Kò gbà mí gbọ́.

Mo dojúbolẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó yára gbé mi dìde. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó wá ní, "Mísì, ẹ ṣeun tí ẹ rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ pé kò lè mọ̀ ọ́n. Mo gbà yín gbọ́. Mo ti fi àyè náà fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìyá rẹ̀ sì ti lóyún. Bí mo bá tún un mú lọ, tí ẹ tún wá sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?" Kò bínú. Bí ó bá bínú ni, n bá lè bá a jà.

Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta. Ọmọ́yẹni ló rù ú fún mi dé títì. Ó ti rí ojú bàbá rẹ̀, ó ti mọ̀. Nígbà tí lọ́rì dé, ó gbé iṣu náà sókè fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mísì, ẹ kí Ìyá àgbà fún mi."

Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo gba ìwé ẹ̀rí. Mo kọ́ àwọn ọmọ títí irun mi fi funfun, n kò tún fa ilà sí iṣẹ́ ọmọ kankan láì tíì bi í pé, "Báwo lo ṣe rò ó?" Àwọn ènìyàn máa ń yìn mí fún un. N kò lè sọ fún wọn ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn tí mo lọ sí Ìjàn, mo wà ní ọsibítù kan ní Adó níbí, mo ń dúró de ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin kan wọlé, ó gbé ọmọ tí apá rẹ̀ kán. Ó ga, ó tínrín. Ó ní Ìyìn ni òun ti wá, ibẹ̀ ni ilé ọkọ òun. Mo mọ ohùn náà kí n tó mọ ojú náà. Òun náà mọ̀ mí, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ lọ́wọ́. Ó bi mí léèrè ilé, ó bi mí léèrè ọmọ, ó ń ṣe mí bí ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i kí dókítà lè to egungun ọmọ náà. Ó na kálàmù sí i. Ọmọ́yẹni rọra ti kálàmù náà sẹ́yìn, ó sì na àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ́yẹni, o mọ̀wé kọ. Kọ orúkọ rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá, bí ẹni ń rán mi létí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni. Ó ní, "Háà, Mísì. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé n kò lè mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rẹ́ mi ṣí ìdérí yíǹkì. Ọmọ́yẹni ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà, ó sì fi etí ìró rẹ̀ nu ìka náà kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀.